Gbèsè Tàbí Owó Ọwọ́: Bí Ó Ṣe Yẹ Ká Sanwó Ẹ̀kọ́ Awakọ̀ Òfurufú

Ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú wà lára ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tó ń jẹ owó jù lọ láyé. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kọ́ ọ, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láì mọ nǹkan kan títí tó fi di ẹni tí wọ́n lè gbà síṣẹ́ olùkọ́ bàálù lè ná tó dọ́là 80,000. Òmíràn á ná ju 100,000 lọ. Abájọ tó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá ti sọ pé iṣẹ́ tó wu òun nìyẹn, ohun tí ilé ń kọ́kọ́ bi ara wọn ni ibi tí owó yóò ti wá.

Ọ̀nà méjì ló sábà máa ń wà nílẹ̀. Èkíní ni pé kí wọ́n lọ yá gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọmọ wọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fò lójoojúmọ́, kó sì parí láàárín ọdún kan. Èkejì ni pé kó máa ṣiṣẹ́, kó máa fi owó ọwọ́ san ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọ́ ọ, bó tilẹ̀ gba ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn tó gba ọ̀nà èkíní a máa sọ pé àwọn ti èkejì ń fi àkókò ṣòfò. Àwọn ti èkejì a ní àwọn ti èkíní kò ro ọ̀la. Kò sí èyí tí kò ní ẹjọ́ tó lè rò nínú wọn.

Èrò tèmi rèé, kí n tó tú u palẹ̀: ẹ má fi gbèsè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Bí gbèsè yóò bá wọ̀ ọ́ rárá, ìparí ni kó ti wọ̀ ọ́, nígbà tó bá ku ìgbésẹ̀ kan péré kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó. Ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ èlé lọ. Ẹni tó ń fi owó ọwọ́ kọ́ṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ kan tí ẹni tó jẹ gbèsè kò ní: ó lè dúró nígbà tó bá rí i pé ó yẹ kóun dúró.

Wákàtí lẹ ń rà

FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú, wákàtí ló fi ń wọn awakọ̀. Ìwé àṣẹ àkọ́kọ́, èyí tí èèyàn fi lè gbé ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ láì gbowó lọ́wọ́ wọn, ń béèrè ó kéré tán wákàtí 40 lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní Part 61, tàbí 35 nílé-ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ Part 141. Àwọn tó ń fi 40 parí kò pọ̀. 60 sí 75 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Èyí tó tẹ̀ lé e ni àṣẹ láti máa fò nínú kùrukùru, kí awakọ̀ máa wo irinṣẹ́ nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé àṣẹ tí èèyàn fi lè gbowó iṣẹ́: wákàtí 250 lábẹ́ Part 61, 190 lábẹ́ Part 141. Ìwé àṣẹ olùkọ́ ló wá kàn.

Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò kò tíì lè gba ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí òfin ní kó ní wákàtí 1,500. Ẹ̀jẹ̀ ló bí òfin náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2009, bàálù Colgan Air 3407 já lulẹ̀ nítòsí Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York. Ènìyàn 50 ló kú, títí kan ẹnì kan tó wà nínú ilé tí bàálù náà já lé. Àwọn ẹbí òkú kò jẹ́ kí àwọn aṣòfin sinmi títí tí wọ́n fi ṣòfin tuntun ní 2010, ìlànà wákàtí náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013. Ẹni tó gba oyè bachelor nípa iṣẹ́ bàálù ní yunifásítì tí FAA fọwọ́ sí lè wọlé pẹ̀lú 1,000. Ẹni tí iṣẹ́ ológun kọ́ ní wíwa bàálù lè wọlé pẹ̀lú 750.

Ibí yìí gan-an ni ìṣirò ọ̀pọ̀ ilé ti ń wọ́. Owó tí báńkì ń yáni kì í ra wákàtí 1,500. Nǹkan bíi 250 náà ló ń gbéni dé. Èyí tó kù, tó ju 1,200 lọ, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń kó o jọ: kíkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, fífa aṣọ ìpolówó lójú ọ̀run, yíya àwòrán ilẹ̀, ṣíṣọ́ ọ̀pá epo láti òkè. Iṣẹ́ wọ̀nyí kì í sanwó púpọ̀, wọ́n sì lè gba ọdún kan ààbọ̀ sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi gbèsè sáré àti ẹni tó fi owó ọwọ́ rìn yóò jọ bá ara wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ni yóò máa sanwó báńkì lóṣooṣù.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn ká wo bí wákàtí ṣe ń di owó. Cessna 172 ni bàálù tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń fi bẹ̀rẹ̀. Lára pátákó irinṣẹ́ rẹ̀ ni aago kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Hobbs. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́ ló ń kà, ìdá mẹ́wàá wákàtí lẹ́ẹ̀kan, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ká ní dọ́là 180 ni wọ́n ń gbà lórí bàálù ní wákàtí kan, olùkọ́ sì ń gba 70. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 250, ìṣẹ́jú mẹ́fà kọ̀ọ̀kan sì di dọ́là 25. Ní pápákọ̀ ńlá, akẹ́kọ̀ọ́ á tan ẹ́ńjìnnì, á gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú ilé ìṣọ́, á rìn lọ sí ẹnu ojú ọ̀nà, á tò sẹ́yìn ọkọ̀ èrò mẹ́ta. Kí táyà rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, aago ti ka ìdá mẹ́ta: dọ́là 75 ti lọ láì fò. Ní pápákọ̀ kékeré tí kò ní ilé ìṣọ́, ìdá kan lè tó. Ẹni tó bá yan pápákọ̀ dáadáa ti rí owó fi pamọ́ kó tó kan ọ̀rọ̀ yíyá.

Ẹjọ́ tí gbèsè lè rò

Ẹ má jẹ́ ká fi ẹ̀tọ́ gbèsè dù ú. Nǹkan méjì ló ń ṣe tí owó ọwọ́ kì í sábà lè ṣe.

Àkọ́kọ́ ni pé ó ń jẹ́ kí ẹ̀kọ́ lọ láì dá dúró. Bàálù wíwà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń fò ní ìgbà mẹ́rin lọ́sẹ̀, ohun tó kọ́ lánàá ṣì wà lára rẹ̀ lónìí.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ipò. Ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí wọ́n gba èèyàn síṣẹ́ ló ń sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ yan ìlú tí yóò ti máa gbéra, irú bàálù tí yóò máa wà, ọjọ́ ìsinmi tí yóò mú, àti ìgbà tí yóò di ọ̀gá awakọ̀. Bí wọ́n bá ń dín òṣìṣẹ́ kù, ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ lọ. Òfin sì ní kí awakọ̀ wọn fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún 65. Nítorí náà, ẹni tó wọlé ní ọdún kan ṣáájú ti rí ọdún kan sí i ní òpin iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí owó oṣù bá ga jù. Ọ̀gá awakọ̀ tó ti pẹ́ nílé-iṣẹ́ ńlá lè gba owó tó lé ní dọ́là 300,000 lọ́dún. Nísàlẹ̀ pàápàá, nǹkan ti yí padà. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, awakọ̀ tuntun nílé-iṣẹ́ kékeré lè máà gbà ju 20,000 lọ́dún. Láti 2022 wá, àwọn kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi dọ́là 90 ní wákàtí kan.

Ẹjọ́ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ yóò san gbèsè rẹ̀ tán, yóò tún kọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé orí "ẹni tó bá dé ibẹ̀" ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Ohun tí gbèsè ń gbà lọ́wọ́ ẹni

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹ yá dọ́là 100,000 ní èlé 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ẹ ó sì fi ọdún mẹ́wàá san án. Nǹkan bíi 1,435 ni ẹ ó máa san lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ nǹkan bíi 172,000. Èyí jẹ́ bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í san lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayánilówó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má tíì san nǹkan kan nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, èyí sì dùn-ún gbọ́. Èlé kò dúró o. Bí gbogbo owó náà bá jáde lọ́jọ́ kan, tí ọdún méjì sì kọjá láì san nǹkan, 100,000 ti di nǹkan bíi 127,000. Owó oṣù á di nǹkan bíi 1,820, àpapọ̀ á sì lé ní 218,000. Ẹ̀kọ́ ọ̀kan ti di owó ẹ̀kọ́ méjì.

Ta ni yóò máa san 1,820 yẹn? Olùkọ́ bàálù tuntun ni. Ká ní ó ń gba dọ́là 30 ní wákàtí kan, ó sì rí wákàtí 80 fò lóṣù, 2,400 ló gbà kí ìjọba tó mú owó orí. Bí ojú ọjọ́ bá burú fún ọ̀sẹ̀ méjì, wákàtí náà kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ilé ń bẹ láti sanwó fún, oúnjẹ ń bẹ, ọkọ̀ ń bẹ. Nínú ilé òbí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé, òbí náà ló sì sábà máa ń jẹ́ oníǹdúró.

Èyí tí mo kà sí ju èlé lọ wá ni ẹ̀tọ́ láti dúró. Nǹkan mẹ́rin ló lè mú kó yẹ kí èèyàn dúró, kò sì sí ọ̀kan tó ń kàwé gbèsè kó tó dé.

*Ara.* Ẹni tó fẹ́ di ọ̀gá awakọ̀ nínú ọkọ̀ èrò gbọ́dọ̀ yege nínú àyẹ̀wò ìlera ipele kìíní lọ́dọ̀ dókítà tí FAA yàn. Wárápá, àwọn àrùn ọkàn kan, àwọn àìsàn ọpọlọ kan, àìlè dá àwọ̀ mọ̀ yàtọ̀, gbogbo wọn lè dí ọ̀nà. Oògùn tí ọmọ ti lò rí fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí fún àìlè pọkàn pọ̀ lè mú kí FAA fi ọ̀pọ̀ oṣù wo ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Àwọn kan ń fọwọ́ sí gbèsè tán kí wọ́n tó lọ ṣe àyẹ̀wò yìí, èyí tí owó rẹ̀ kò tó ti wákàtí bàálù kan.

*Ọwọ́.* Àwọn ọmọ dáadáa wà tí wọ́n fò fún wákàtí 30 tí wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ náà kò bá wọn lára mu. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó fi owó ọwọ́ san án yóò dúpẹ́, yóò lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ẹni tó jẹ gbèsè 100,000 yóò máa tì í lọ. Fífi tipátipá ṣe é sì léwu, torí pé ìkùnà nínú ìdánwò fífò kì í parẹ́. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ wò kí wọ́n tó gbani síṣẹ́. Ẹni tí gbèsè ń lé lọ sídìí ìdánwò kó tó múra tán ń fi orúkọ rẹ̀ tọrẹ.

*Ọjà.* Lẹ́yìn ìkọlù oṣù kẹsàn-án 2001, wọ́n dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakọ̀ dúró. Ní 2008, ọrọ̀ ajé tún dẹnu kọlẹ̀. Ní 2020, kòrónà gbé bàálù sílẹ̀ káàkiri ayé. Láàárín 2021 sí 2023, wọ́n ń wá awakọ̀ lójú méjèèjì; nígbà tó fi máa di 2024, ìgbanisíṣẹ́ ti ń falẹ̀. Bí ọjà ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ ń fọwọ́ síwèé kò sọ bí yóò ṣe rí lọ́jọ́ tí wákàtí 1,500 bá pé. Ẹni tí kò jẹ gbèsè lè bá olùkọ́ lọ fún ọdún kan sí i kí ọjà tó là. Ayánilówó kì í dúró de ọjà.

*Ilé-ẹ̀kọ́.* Ní oṣù kejì ọdún 2008, Silver State Helicopters, tí orí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Las Vegas tó sì ní ẹ̀ka ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ lójijì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 2,000 ló bá a lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti yá nǹkan bíi dọ́là 70,000, owó náà sì ti wọ àpò ilé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó fò ó tán. Ilé-ẹ̀kọ́ kú, gbèsè wà láàyè. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Dundee ní oṣù kẹrin ọdún 2023, nígbà tí Tayside Aviation wó lulẹ̀ tòun tàwọn tó ti san owó sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbèje. Bẹ́ẹ̀ ló rí níhìn-ín. Ẹni tí gbèsè ńlá bá dá dúró láàárín ọ̀nà kì í rí kékeré yá mọ́ láti parí iṣẹ́ tó kù díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, kéèyàn kéde pé òun kò lè san gbèsè mọ́ kì í sábà pa gbèsè ẹ̀kọ́ rẹ́. Ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀, tí àwọn tó ń kọ́ bàálù ní yunifásítì lè rí gbà, ṣì ní ìlànà tí wọ́n fi ń wo bówó ṣe ń wọlé fún ẹni tó yá a kí wọ́n tó sọ iye tí yóò máa san padà lóṣù. Ti ilé-iṣẹ́ aládàáni kò sábà ní irú àánú bẹ́ẹ̀.

Owó ọwọ́ náà ní àbùkù tirẹ̀

Bí mo bá ní kí ẹ máa fi owó ọwọ́ san án, n kò ní kí ẹ máa fò bí owó bá ṣe ń kán. Ohun tó ń pa àwọn tó gba ọ̀nà yìí lára jù nìyẹn.

Ẹ wo bíbà sílẹ̀. Nígbà tí bàálù bá kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀, awakọ̀ máa ń rọra gbé imú rẹ̀ sókè kí táyà ẹ̀yìn lè kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀. Bó bá tètè gbé e, bàálù á léfòó, á sì já lulẹ̀ gbì. Bó bá pẹ́, táyà iwájú á gbá ilẹ̀, bàálù á tún fò sókè. Kò sí ìwé tó lè kọ́ni ní àkókò náà gan-an. Ojú ló ń kọ́ ọ, bí ilẹ̀ ṣe ń gbòòrò níwájú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa lónìí, tí kò sì fò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò padà wá rí i pé ojú náà ti sá. Ẹ̀kọ́ odindi ni yóò fi wá a padà, yóò sì sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ká ní ẹnì kan fò ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ ní wákàtí 60. Ẹnì kejì fò lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ó gba tirẹ̀ ní 90. Ní dọ́là 250 fún wákàtí kan, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 7,500. Ẹnì kejì yìí kò jẹ gbèsè, àmọ́ ó san èlé: orí ìgbàgbé ló san án lé.

Ìpele-ìpele

Ọ̀nà tí mo fara mọ́ wà láàárín méjèèjì. Ẹ kó owó ìpele kan jọ títí yóò fi pé, kí ọmọ tó tan ẹ́ńjìnnì. Kó wá fò ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ títí ìpele náà yóò fi parí. Kó dúró, kó ṣiṣẹ́, kó kó owó ìpele tó kàn jọ.

Kí owó ńlá kankan tó jáde, àyẹ̀wò ìlera ipele kìíní ni kó ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé kíkà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìwé àti íntánẹ́ẹ̀tì múra ìdánwò kíkọ sílẹ̀ nílé, kó sì yege kó tó fò lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó gbé ìmọ̀ yẹn wọnú bàálù kò ní máa san dọ́là 250 ní wákàtí kan fún àlàyé tó wà nínú ìwé.

Ìpele kìíní ni ìwé àṣẹ àkọ́kọ́. Ká ní nǹkan bíi 18,000 ni. Àwọn èèyàn wa ní Houston, ní London, ní Lagos, ṣì ń dá àjọ, àjọ sì bá ẹ̀kọ́ yìí mu, torí pé owó gọbọi ló ń bọ́ síni lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ènìyàn 12 tó ń dá dọ́là 1,500 lóṣù, 18,000 ni ẹni tó bá kan yóò kó. Kó gbà láti kó o ní ìparí tàbí ní àárín, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí gbèsè náà ni ẹni tó kọ́kọ́ kó o jẹ, bí kò tilẹ̀ ní èlé.

Ìpele kejì ni fífò pẹ̀lú irinṣẹ́. Òfin ń béèrè wákàtí 40 irú fífò yìí, ṣùgbọ́n lábẹ́ Part 61, ó gbà kí tó 20 nínú rẹ̀ jẹ́ lórí sìmúlétọ̀ ipele gíga tí FAA fọwọ́ sí, èyí tí owó rẹ̀ kò tó ti bàálù. Ibẹ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ ìlànà, kó lọ fi bàálù fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ìpele kẹta ni kíkó wákàtí jọ dé 250. Níhìn-ín, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ẹnì kejì. Nígbà tí ọ̀kan bá bojú, tó ń wo irinṣẹ́ nìkan, òfin ní kí awakọ̀ mìíràn jókòó tì í, kó máa wo ìta. Bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ bó ṣe yẹ, àwọn méjèèjì lè kọ àkókò náà sínú ìwé wákàtí wọn, kí wọ́n sì pín owó bàálù sí méjì.

Ìpele kẹrin ni ìwé àṣẹ iṣẹ́ àti ti olùkọ́. Ibí ni mo ti lè gbà kí èèyàn yáwó. Lásìkò yìí, ara ti yege, ọwọ́ ti yege nínú ìdánwò méjì, ọmọ ti mọ̀ pé iṣẹ́ náà wu òun, iṣẹ́ tó ń mówó wọlé sì ti kù díẹ̀. Ìdí tó lè mú un dúró ti dín kù. Ẹ̀yáwó 20,000 ní èlé 12 fún ọdún márùn-ún jẹ́ nǹkan bíi 445 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì dé 27,000. Olùkọ́ tuntun lè rù ú. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Àwọn ọmọ wa tó sin ìjọba Amẹ́ríkà nínú iṣẹ́ ológun ní ọ̀nà mìíràn: owó ẹ̀kọ́ àwọn tó ti sìnrú ìlú lè san ẹ̀kọ́ bàálù. Ní ilé-ẹ̀kọ́ bàálù lásán, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ kí owó náà tó jáde. Ìdí mìíràn nìyẹn láti fi owó ọwọ́ san ìpele kìíní.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀

Ẹni tó ti Nàìjíríà lọ kọ́ bàálù ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà M-1 kò lè máa ṣiṣẹ́ níta kó fi máa sanwó ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn tó bá parí, oṣù kan iṣẹ́ ìdánrawò ni wọ́n ń fún un fún oṣù mẹ́rin ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì ní ju oṣù mẹ́fà lọ. Kò dájú rárá pé yóò fi iṣẹ́ olùkọ́ kó 1,500 jọ níbẹ̀. Nítorí náà, gbogbo owó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kó tó gbéra, ó sì dára kó jẹ́ dọ́là ni wọ́n fi pamọ́. Kí ìjọba tó yí ìlànà pàṣípààrọ̀ padà ní oṣù kẹfà 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni dọ́là kan lọ́jà ìjọba. Ní 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹ̀kọ́ dọ́là 60,000 tó jẹ́ náírà mílíọ̀nù 27.6 ti di mílíọ̀nù 90 láì jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ fi kọ́bọ̀ kan kún un. Ẹni tó ń jẹ gbèsè dọ́là tó sì ń gba owó oṣù náírà wà nínú ewu tí kò sí ẹ̀kọ́ bàálù tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ilé-ẹ̀kọ́ NCAT ní Zaria, tó ti wà láti 1964, àti ti Ìlọrin, kí ẹ tó wo òkè òkun.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí òfin wákàtí 1,500. Awakọ̀ tó ní nǹkan bíi 200 lè bọ́ sí ọkọ̀ èrò bó bá ríṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí owó rẹ̀ lè ju pọ́n-ùn 100,000 lọ, fi ń fa ojú mọ́ra. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí èèyàn kọ́ ọ ní ìpele-ìpele pẹ̀lú: kó gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ ní wákàtí 45, kó fi ẹ̀kọ́ àtòkèèrè múra ìdánwò kíkọ 13 nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, kó tó lọ ṣe ìyókù. Ìwé àṣẹ kan náà ni wọ́n jọ ń gbà.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé

Ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ pé: bí ọmọ bá dúró lónìí, èló lẹ ó dá padà, láàárín ọjọ́ mélòó? Bàálù mélòó ló ń fò, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń pín in? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni a ń dúró kí olùdánwò tó yọjú? Iye tí ẹ kọ yìí, ṣé ti wákàtí tó kéré jù lọ lófin ni, àbí ti wákàtí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ń lò ní tòótọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ní kí ẹ san gbogbo owó sílẹ̀ nítorí ẹ̀dínwó, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ san ti ẹ̀kọ́ bíi márùn-ún, kí ìyókù wà ní báńkì tiyín.

Ẹ bi ayánilówó pé: ọjọ́ wo ni èlé bẹ̀rẹ̀? Ṣé owó máa jáde ní ìpele-ìpele, àbí lẹ́ẹ̀kan? Bí àìsàn bá gba ìwé ìlera lọ́wọ́ ọmọ ńkọ́? Lẹ́yìn oṣù mélòó tí ọmọ bá ti ń san déédéé ni orúkọ oníǹdúró lè kúrò nínú ìwé?

Ẹ̀yin òbí tí wọ́n bá gbé ìwé oníǹdúró síwájú, ìfẹ́ ọmọ kò ní kí ẹ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ẹ ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ìlera, kó yege nínú ìdánwò kíkọ, kó fi owó tó kó jọ gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́. Ẹ bá a dá sí i bí agbára yín bá ká a. Ọmọ tó bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi hàn pé òun lè parí iṣẹ́, ẹ ó sì mọ iye tó kù gan-an. Bí ó bá wá di dandan kí ẹ yáwó nígbà náà, díẹ̀ ni ẹ ó yá, ẹni tí ẹ mọ agbára rẹ̀ lẹ ó sì dúró fún.